Òróró Tí Kò Kan Àpò Awọ

Òórùn òróró ólífì ló kọ́kọ́ kí mi nígbà tí mo tú ọ̀rá àkọ́kọ́. Áńkáṣíìfù funfun ló wà nínú ẹ̀. Ó rin gbindin fún òróró, ó sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tú ọ̀rá kejì. Àpò awọ dúdú kékeré ni tibẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ki pásípọ́ọ̀tù sí. Ó ṣófo. Ó mọ́, ó gbẹ táútáú.

Mo tẹ́ àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì mi ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo ń wò wọ́n. Ohun kan lára wọn ń rú mi lójú, n kò sì tíì mọ ohun tó jẹ́.

"Ọ̀gá, ọmọ yẹn ti fẹ́ẹ́ jẹ́wọ́ o," Kọ́púrù Mutolib ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bọ̀dá Bánjí ni. Wọ́n ní ká ti máa múra kóòtù ọ̀la sílẹ̀."

"Ṣé Bánjí ti di ọ̀gá ẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó yẹra fún ojú mi.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Mummy Damaris Ọláńrewájú, opó tó ta ẹja gbígbẹ ní Mile 12 títí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́, ń gbé báyìí nínú ẹ̀sìtéètì kan ní Ìkòsí. Àwọn ọmọ ẹ̀ ní kí màmá àwọn lọ sinmi, ìsinmi àkọ́kọ́ láyé wọn. Kì í ṣe Jerúsálẹ́mù, kì í ṣe ìtọ́jú ọmọ jòjòló ní London. Ọkọ̀ ojú omi ńlá ni, èyí tí ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kúrúùsì. Bàsẹlónà ló ti máa gbéra lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ láàárọ̀ Tuesday, pásípọ́ọ̀tù tí físà wà nínú ẹ̀ di àwátì. Bánjí, àgbà ọmọ wọn, ló bá àpò awọ ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ báàgì Loveth, ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Wọ́n ní ó ti ta ìwé yẹn fáwọn tó ń pààrọ̀ àwòrán inú pásípọ́ọ̀tù.

Ọjọ́bọ̀ lónìí. Tí n kò bá rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí kí oòrùn tó wọ̀, Loveth ń lọ kóòtù lọ́la. Kò ní lọ́yà, kò ní ẹni tó máa dúró fún un, ibi tí wọ́n máa tì í mọ́ lẹ́yìn kóòtù kò sì sunwọ̀n fún ọmọbìnrin. Mo gbàdúrà kékeré kan sínú, mo ní kí Olùmọ̀ràn-ọkàn má jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi rán aláìṣẹ̀ lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n mú un wá.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ẹ̀ wú, ojú ẹ̀ kan sì ti fẹ́ẹ́ pa dé.

"Ta ló gbá ẹ?"

"Bọ̀dá Bánjí." Ó nu imú. "Ọ̀gá madam, I no be thief. Kí ni mo fẹ́ fi pásípọ́ọ̀tù Mummy ṣe? Ṣé èmi àti Mummy jọra ni?"

"Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

"Mi ò rí i sójú rí. Wọ́n ti dì í sínú áńkáṣíìfù láàárọ̀ Sunday, wọ́n gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì kí pásítọ̀ gbàdúrà sí i. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, Mummy ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tú u títí wọ́n á fi dé éépọ́ọ̀tù. Abẹ́ pílò ni wọ́n fi sí. Òróró ń kán tó tó tó lára ẹ̀ látẹnu ọ̀nà dé yàrá. Èmi ni mo nu tááìsì!"

Bó ṣe sọ ìyẹn tán ni ilẹ̀kùn ṣí. Aunty Judith ló wọlé, àbúrò Mummy Damaris tí wọ́n jọ ń gbé. Díákónẹ́ẹ̀sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Alápẹ̀rẹ̀. Ó gbé fúláàsì ògì àti mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi ewé pọ́n dání. Nínú gbogbo ilé yẹn, òun nìkan ló wá wo ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì àgọ́ wa tí kò mọ́, ó fà á mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki Ọlọ́run:

"Ọba tí ń wo inú yàrá láì kan ilẹ̀kùn! A-fàtẹ́lẹwọ́-nu-ẹkún! Ìyá àwọn tí ìyá wọn jìnnà! Wo ọmọ yìí, má wo ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀." Ó ka Sáàmù kan lórí fóònù. "Ẹ má bínú, Inspẹ́kítọ̀, Bíbélì kékeré mi ò sí lọ́wọ́ mi." Ó wá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú yẹn mú jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi, jẹ́wọ́. Tó o bá ti jẹ́wọ́, gbogbo ẹ̀ á tán. Èmi fúnra mi máa bá Mummy sọ̀rọ̀."

"Aunty, mi ò mú nǹkan kan."

"Jẹ́wọ́ ṣáá, Loveth."

Omi lé ròrò sójú mi. Mo ní nínú ọkàn mi pé ó ṣì ku ènìyàn rere láyé.

---

Lórí tábìlì àárín pálọ̀ Mummy Damaris, ìwé àwòrán ọkọ̀ náà ṣì là sílẹ̀. Ọwọ́ ti pa á lára títí etí àwọn ojú ewé ẹ̀ fi ká kò.

"Ẹ̀yin lẹ yan ọkọ̀ yìí, Mummy?"

"Èmi kẹ̀! Ta ló mọ̀ ọ́n nínú wa? Judith ló kọ́kọ́ fi hàn mí lórí YouTube. Òun ló ní ká má mú ọkọ̀ tó tóbi jù, pé ojú á máa dàrú mọ́ wa nínú ẹ̀. Òun ló ní ká má lọ nígbà tí àwọn ọmọléèwé òyìnbó bá wà nílé. Èmi ní kí wọ́n fún mi ní yàrá tí ò ní fèrèsé, kí n má baà máa rí omi. Ó ní, 'Sister mi, ta ló máa dé ojú òkun kó wá kọjú sí ògiri?' Ló bá mú èyí tó ní bákónì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré tó kọjú sí omi."

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ nígbà yẹn?"

Mummy wo ilẹ̀. "Wọn ò fún un ní físà. Èmi nìkan ni wọ́n fún. Débọ́lá ọmọ mi á wá bá mi ní Bàsẹlónà. Judith ò tiẹ̀ janpata. Ó ní ìfẹ́ Ọlọ́run ni."

Àpótí ìrìnàjò wọn dúró sí igun. Mo gbọ́ òórùn ẹja gbígbẹ látinú ẹ̀.

"Ẹja àrọ̀ díẹ̀ ni," Mummy dá mi lóhùn kí n tó béèrè, "pẹ̀lú gààrí Ìjẹ̀bú àti ata gígún. Wọ́n ní oúnjẹ ò lópin níbẹ̀, àmọ́ oúnjẹ wo?"

"Mummy, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé ẹja wọ ọkọ̀!" Bánjí ló pariwo láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Ọkùnrin tó sanra díẹ̀ ni, lọ́fínńdà ẹ̀ ń ṣáájú ẹ̀ rìn. Ó ti wá láti Ìṣẹ́rì Ọlọ́wọ̀ọra láti wá mọ ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé. "Inspẹ́kítọ̀, ẹ ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa? Olè wà lọ́dọ̀ yín."

"Ẹ jókòó, Bọ̀dá Bánjí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ṣètò ìrìnàjò yìí."

"Èmi ni. Mo lòdì sí i ná. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ò fẹ́ ojú omi. Ẹnu àwọn àbúrò mi ló borí."

"Ẹ lòdì sí i." Mo rọra tún un sọ. Mutolib tó bá mi wá fi ẹsẹ̀ kàn mí. "Ìgbà wo ni pásípọ́ọ̀tù náà wà lọ́wọ́ yín kẹ́yìn?"

"Saturday nírọ̀lẹ́. Mo fẹ́ wo ọjọ́ tí físà máa parí. Mo dá a padà sínú àpò ẹ̀, mo fi í sórí tábìlì oúnjẹ, mo sì lọ."

"Ta ló rí yín nígbà tẹ́ ẹ fi í síbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó... Ẹ wò ó, kí lẹ ń fojú burúkú wò mí fún?"

"Kí ló gbé yín padà wá láàárọ̀ Tuesday?"

"Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi fẹ́ àwòrán pásípọ́ọ̀tù lórí ẹ̀rọ wọn. Mo ti pè láàárọ̀ Monday, mo ní mo máa wá tú ìdì yẹn. Mo dé, mo gbé pílò, áńkáṣíìfù ti tú, kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

"Ẹ wá lọ tààrà síbi báàgì Loveth."

Òógùn bo iwájú orí ẹ̀, bí ẹ̀rọ amúlétutù tiẹ̀ ń fẹ́. "Ta ni kí n lọ wò? Màmá mi?"

Mo yíjú sí Mummy Damaris. "Pásítọ̀ yín ńkọ́, òróró tí wọ́n lò pọ̀?"

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀ wa kì í fi òróró ṣahun o. Ìgò kan gbáko ló dà sórí ìdì yẹn, àti pásípọ́ọ̀tù àti àpò awọ ẹ̀. Ó ní bí òróró yẹn ṣe wọnú ẹ̀ ni ojúrere á ṣe wọ inú ìrìnàjò mi."

Ohun tó ti ń rú mi lójú láti òwúrọ̀ wá tò pa pọ̀ lọ́kàn mi. Mo dìde.

"A ń bọ̀."

---

Nínú mọ́tò, Mutolib ti dá ẹjọ́. "Ọ̀gá, Bánjí ni. Kò fẹ́ kí ìyá ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká mú un."

"Yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Kétu ká ra òróró ólífì. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìgò ńlá. Áńkáṣíìfù ńkọ́?"

"Mo ní ọ̀kan tó mọ́."

"Mú wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹ wá."

Ó mú un wá láì fura. Awọ dúdú ni. Mo kó ohun inú ẹ̀ lé e lọ́wọ́, mo fi áńkáṣíìfù dì í dáadáa, mo ta kókó, mo sì gbé e sórí ike omi tó ṣófo. Mo da òróró lé e lórí gbùlàgbùlà.

"Ọ̀gá! Ah! Ọ̀gá, awọ gidi ni o! Ìyàwó mi ló rà á!"

"Sùúrù."

A dúró díẹ̀ lábẹ́ igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tí mo tú u, awọ yẹn ti fa òróró mu, ó ti ní àbàwọ́n tó tàn káàkiri, ó sì ń yọ̀. Òórùn ẹ̀ gbalẹ̀. Mo fi àpò pásípọ́ọ̀tù tó wà nínú ọ̀rá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Gbígbẹ. Mímọ́.

Mutolib fi ìka kan méjèèjì wò. Kò rántí wọ́lẹ́ẹ̀tì mọ́.

"Àpò yìí ò sí nínú áńkáṣíìfù lọ́jọ́ Sunday," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Kò sí níbẹ̀ rárá. Nǹkan míì ni pásítọ̀ da òróró sí lórí. Nǹkan náà tóbi tó pásípọ́ọ̀tù, ó sì nípọn bíi tiẹ̀, tí ìyá yẹn fi gbé e dé pẹpẹ láì mọ̀. Kí wọ́n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti yọ ojúlówó kúrò. Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ìdì ni ẹni tó dì í."

"Ó lè jẹ́ Bánjí ló dì í."

"Ìyẹn la ń padà lọ bi wọ́n."

---

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní pálọ̀ nígbà tí a padà dé. Aunty Judith ti ti àgọ́ dé, ó ń bó ẹ̀pà fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Mummy, ìbéèrè kan ṣoṣo. Ta ló di pásípọ́ọ̀tù yẹn láàárọ̀ Sunday?"

"Judith ni. Ó ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́, ó ní ọwọ́ tó mọ́ ló yẹ kó dì í. Áńkáṣíìfù ẹ̀ ni."

Ọwọ́ Judith dúró lórí ẹ̀pà.

"Bọ̀dá Bánjí, ẹ rántí dáadáa. Kẹ́ ẹ tó lọ wo báàgì Loveth, ṣé ẹnì kan dárúkọ ẹ̀ fún yín?"

Bánjí ronú. Mo rí i tí ojú ẹ̀ yí padà. "Aunty ni. Àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀... Wọ́n ń bẹ̀ mí ni. Wọ́n ní, 'Bánjí, jọ̀ọ́, má wo báàgì Loveth o, ọmọ jẹ́jẹ́ ni.'"

"Ẹ̀yin ti sọ pé ẹ fẹ́ wo báàgì ẹnì kankan nígbà yẹn?"

"Rárá," ló ní, ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Rárá o."

Mo kọjú sí Judith. "Aunty Judith, Bíbélì kékeré yín dà?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ jẹ́ kí Kọ́púrù bá mi wo yàrá yín. Mummy, ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?"

Mummy ní òun gbà. Kò pẹ́ tí Mutolib fi jáde. Májẹ̀mú Tuntun aláwọ̀ búlúù ló gbé dání, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì ló ti rí i, ìwé ìròyìn wé e. Ó ti fa òróró mu débi pé lẹ́tà ẹ̀yìn ojú ewé ń hàn níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó rí mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin yẹn lè sun Bíbélì yẹn, kí n má rí ẹ̀rí kankan. Kò lè ṣe é. Ó bẹ̀rù láti ju Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run dànù. Ọmọ ọlọ́mọ ló rọrùn fún un láti jù. Mo rántí ọwọ́ tó fi di ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú yẹn mú, mo rántí omi tó lé ròrò sójú mi, itọ́ kíkan sì sun mí lẹ́nu.

"Èmi ni mo yan ọkọ̀ yẹn," Judith sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo kọ́ ọ ní orúkọ àwọn ìlú tí ọkọ̀ á yà sí. Kò tiẹ̀ lè pè wọ́n. Bákónì yẹn, èmi ni mo mú un. Ó wá ń di ẹja gbígbẹ! Ẹja! Ó ń lọ jókòó lórí bákónì mi, ó ń lọ jẹ gààrí!"

"Judith," ni Mummy pè é.

"Mo kàn fẹ́ kó má lè lọ ni. Kí ọjọ́ kọjá lórí ẹ̀. Ìgbà tí Bánjí ní òun máa tú u, kí ni kí n ṣe? Mo tú u lálẹ́ Monday nígbà tí Sister ń wẹ̀."

"Ẹ wá ki àpò sínú báàgì Loveth."

"Iṣẹ́ Sátánì ni."

"Ọwọ́ yín ni. Èwo ni mọ́ínmọ́ín tẹ́ ẹ gbé wá?"

Ó ń kó èèpo ẹ̀pà jọ.

"Ẹ fẹ́ kó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Pásípọ́ọ̀tù dà?"

Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Nígbà tó gbọ́ pé ọlọ́pàá ń bọ̀ lọ́jọ́ Tuesday ló sáré jù ú sínú dọ́sìbíìnì. Àwọn tó ń kó ilẹ̀ kò tíì wá lọ́sẹ̀ yẹn, Ọlọ́run ló ṣe é. Mutolib ṣí ìdérí, ó fò sẹ́yìn. Orí ẹja, ìfun ẹja, omi dúdú, ìdin ń fà lórí ara wọn. Mo di imú, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, mo fà ọ̀rá dúdú kan jáde. Pásípọ́ọ̀tù wà nínú ẹ̀. Kò rin, físà ò fara pa. Mo wẹ ọwọ́ mi lẹ́nu ẹ̀rọ, mo tún un wẹ̀. Òórùn yẹn kò tètè lọ. Síbẹ̀ kì í ṣe òun ló kó mi nírìíra jù lọ lọ́jọ́ yẹn.

Mummy Damaris gbá pásípọ́ọ̀tù mọ́ àyà, ó fi etí ìró nù ún. "Ògo fún Ọ! Ọkọ̀ mi ò já mi sílẹ̀!" Judith wà lórí eékún. Mummy fà á dìde, àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n ń sunkún. Bánjí gbé orin ìyìn. Wọ́n kọ ọ́ dé ìdajì kí Bánjí tó rántí pé mo wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá madam, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ẹ jẹ́ ó parí síbí."

"Mo ti dárí jì í," Mummy wí. "Àbúrò mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú Loveth sílẹ̀ kó máa bọ̀. Abọ́ ti kún síǹkì láti Tuesday."

Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó bi mí bí ojú ọmọ náà ṣe rí.

"Aunty Judith ń bá mi lọ sí àgọ́," mo ní. "Ẹ̀yin yòókù lè tẹ̀ lé wa."

Ní àgọ́, mo ní kí wọ́n mú Loveth jáde, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un lójú wọn. Kò sunkún. Ó wo Aunty Judith títí, bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù lójú ẹ̀.

"Ó ti tán, ọmọ mi," Mummy Damaris wí. "Ọlọ́run ti ṣẹ́gun. Gbé báàgì ẹ, mọ́tò wà níta."

Loveth ò gbé báàgì. Ó yíjú sí mi. "Ọ̀gá madam, lọ́jọ́ Tuesday, Bọ̀dá Bánjí jókòó sórí àga yẹn, ẹ sì ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi náà lè jókòó síbẹ̀?"

"O lè jókòó."

Ó jókòó, ó tún síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣe. Mo mú bírò.

"Mo fẹ́ fẹjọ́ sùn," ló ní. "Ẹ̀sùn Aunty Judith, torí báàgì mi. Ẹ̀sùn Bọ̀dá Bánjí, torí ojú mi."

"Loveth!" Mummy Damaris gbé ọwọ́ lórí. "Èmi tí mo mú ẹ látinú ẹrẹ̀ Mile 12! Èmi tí mò ń pè ẹ́ lọ́mọ! Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe fún ẹ?"

Loveth ò yíjú wò wọ́n.

"Ọ̀gá madam," ló ní fún mi, "ẹ kọ ìyẹn náà sí i."